Ojú Tó Wà Lórí Àkoto

Ogójì ọdún ni mo fi wí fún ará Òkè-Èrí pé
dúró jẹ́ẹ́, gbé àgbọ̀n sókè, má ṣẹ́jú.
Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé mẹ́wàá,
bàbá tó ń fẹ́ fọ́tò tí wọn yóò gbé síwájú pósí rẹ̀,
gbogbo wọn dì bí ẹ̀kọ tútù níwájú mi.
Èmi nìkan ni mo ń mí.

Àfi Rìdíwánù, ọmọ ọmọ mi, tí kì í dúró.
Ó mú nǹkan kan dé, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ,
ó ní, "Baba, kámẹ́rà rèé."
Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn,
mo wá ibi tí fíìmù ń gbà wọlé.
Mo ní, "Èló?"
Ó ní ẹgbàá mẹ́sàn-án náírà, ní Fọlágbadé;
ẹgbàá mẹ́rìnlá lẹni tó tà á kọ́kọ́ pè é,
wọ́n ná an títí oòrùn fi kúrò lórí ìsọ̀ rẹ̀.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Mi ò bi wọ́n pé báwo.

Àwọn márùn-ún ló dáwó jọ.
Mùfútàù fọ alùpùpù ní Jímọ̀ mẹ́fà,
Ọ̀nàdípẹ̀ ta ẹyẹlé rẹ̀ méjèèjì,
Ṣìjúadé, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn,
fi owó bàtà Iléyá rẹ̀ sí i.
Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ má sọ.
Irú èyí tí àwọn ọmọ olówó ń dè mórí,
wọ́n ní owó rẹ̀ á ra ọ̀kadà tokunbọ̀.
Tiwọn yìí, nínú orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára,
lẹ́tà kan ti ṣìnà.
Ṣùgbọ́n ó ń ríran.

Àkoto ọ̀kadà tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n gbé e lé,
wọ́n fi rọ́bà táyà dè é ní ìdè mẹ́rin.
Wọ́n ní bí kámẹ́rà bá fọ́, gbèsè ni; bí orí bá sì fọ́...
Mo ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ yẹn.
Wọn ò parí rẹ̀.

Ẹ mọ yàrà Ṣùngbọ́.
Ẹni tó dúró sínú rẹ̀ dà bí ẹ̀wà tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò.
Ògiri tutù, ewédò bò ó, gbòǹgbò rọ̀ sílẹ̀ bí irun.
Wọ́n gbẹ́ ẹ kí ọ̀tá má baà lè sọ̀ kalẹ̀.
Àwọn ọmọ yìí ń gun kẹ̀kẹ́ wọ inú rẹ̀,
wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo bá wọn lọ ní Sátidé.
Orúnkún mi kò gbà ju etí yàrà lọ.
Rìdíwánù wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan,
ó wá ju ara rẹ̀ sílẹ̀,
ṣìììì.
Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo wí.

Lálẹ́, a rọ̀gbà yí fóònù kan ká, iná ò sí.
Ilẹ̀ ń sáré bọ̀, ewé ń gbá wa lójú,
táyà kọ gbòǹgbò, ayé dorí kodò,
lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́
àfi ojú ọ̀run tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín igi méjì,
àti èèrà kan tó ń gba orí dígí kọjá, tí kò kánjú,
àti ohùn ọmọ mi: "Ó ṣì ń yà á! Ó ṣì ń yà á!"
Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Àkoto tún là sí i.

Mo ní, "Dá a padà síbẹ̀rẹ̀."
Níbi tó ti wẹ̀yìn yẹn,
ọkùnrin kan dúró létí yàrà, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tó ń já bọ́,
ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eyín mẹ́ta ò sí níbẹ̀.
Mo ní, "Lèsí rèé?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ṣìjúadé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Gbogbo ìlú ni mo ti yà. Kò sẹ́ni tó yà mí rí,
àfi pélébé orí káàdì ìdìbò,
níbi tí ọmọdé kan ti ní kí n dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹ fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i," ni mo wí.
"Ẹ má dá a dúró."